Àrán àti kọ́sẹ́ẹ̀tì nínú ooru oṣù kẹta, ní Àkúrẹ́?

Arẹwà_Alágbàká:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ níparí oṣù kẹta. Àrán aláwọ̀ wáìnì ni wọ́n mú fún aṣọ ẹbí, ọ̀pá 5, wọ́n sì ní kí gbogbo obìnrin fi rán kọ́sẹ́ẹ̀tì. Àrán! Nínú ooru yìí! Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní tiwọn fẹ́ dé fìlà onírun òtútù, torí wọ́n rí i lórí Instagram. Kí ni télọ̀ lè ṣe sí aṣọ náà téèyàn ò fi ní dákú nínú gbọ̀ngàn? Àbúrò mi tún ní irú aṣọ báyìí wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn ń wá bí kò ṣe ní san owó aṣọ ẹbí?

Télọ̀_Arákalẹ̀:
Aúntì, ohun tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àrán ló ń dáni lóró ju àrán fúnra rẹ̀ lọ. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ayé ìsinsìnyí, ìpele 4 ni: àrán, gum stay (aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tó ń mú àrán le), aṣọ tí wọ́n rán egungun ike mọ́, àti lining, aṣọ inú tó ń kan ara. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn gum stay mọ́ aṣọ, ibi tí atẹ́gùn ìbá gbà ti dí nìyẹn. Lining olówó pọ́ọ́kú náà, pọliẹ́sítà ni, kì í mu òógùn.

Ẹ ní kí télọ̀ yín lẹ gum stay fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ iwájú nìkan, kó fi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Kó fi òwú fẹ́lẹ́ ṣe lining, kó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó sá a gbẹ, kó lọ̀ ọ́, kó tó gé e. Òwú tí wọn ò bá rẹ á súnkì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, á fa àrán, iwájú aṣọ á sì hun jọ. Egungun ike 8 tàbí 10, lójú ìrán nìkan, ti tó. 16 tí àwọn kan ń kó sí i, wọ́n kàn ń fìyà jẹ oníbàárà ni. Kó jó ẹnu rẹ̀ díẹ̀ lórí iná kó má gún yín. Kó fi okùn sẹ́yìn dípò síìpù: bí ẹ bá jẹun tán tí ooru sì mú, ẹ ó dẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì kan.

Kó má gbé áyọ́ọ̀nù sójú àrán o. Kó dà á dojú bolẹ̀ sórí táwẹ̀lì tó nípọn, kó lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Irun àrán tó bá ti tẹ́, agbára káká ló fi ń dìde. Gbogbo ègé sì gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ á dà bí àwọ̀ méjì nínú fọ́tò. Ìyẹn máa ń jẹ aṣọ, ọ̀pá 5 lè má tó ẹni tó sanra.

Ìyá_Aláṣọ_ỌjàỌba:
Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àrán tó jẹ́ ná. Àrán òwú wà, ó wọ́n. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, pọliẹ́sítà ni. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú sókè abọ́ irin, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó, á máa rùn bí ìgbà tí bébà ń jó, eérú rẹ̀ á rọ̀. Pọliẹ́sítà á kọ́kọ́ sún kúrò níwájú iná, á yọ́, á rú èéfín dúdú, á sì dì sí kóró dúdú líle. Ẹ má fọwọ́ kàn án kó tó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Bó bá yọ́ tó tún léérú, wọ́n lú wọn pọ̀ ni.

Ká ní èmi ni mo ni ìpinnu, búbù ni wọn ìbá rán. Kì í lẹ̀ mọ́ ara.

Ọmọ_Ojú_Ọjọ́:
Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ, òógùn sì ń tètè gbẹ lára. Gbígbẹ yẹn ló ń tu ara. Níparí oṣù kẹta, atẹ́gùn òkun ti gbé ọ̀rinrin padà dé, oòrùn ò sì tíì rọlẹ̀. Òógùn á jáde, kò ní ríbi gbẹ sí. Òwú ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, ti pọliẹ́sítà ò tó ìdá 1. Ṣùgbọ́n òwú tó bá ti rin gbingbin kì í tètè gbẹ, ìdí nìyẹn tí lining fi gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́.

Àbúrò yín ò parọ́, ó kàn bù mọ́ ọn ni. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe pọliẹ́sítà, òun ló sì ju ìdajì fọ́nrán aṣọ tí wọ́n ń ṣe láyé. Èédú àti gáàsì tí wọ́n ń jó láti yọ́ ọ, hun ún, kí wọ́n sì pa á láró ń tú gáàsì káríbọ́ọ̀nù (CO2) sójú sánmà, gáàsì yìí kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ jáde dáadáa. Ọdún 2024 ló gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé. Ó fi nǹkan bí 1.5 sẹ́ńtígíréèdì ju ti 1850 sí 1900 lọ. Ẹ tún wo jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn: lítà dísù 1 ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 gáàsì CO2 yẹn, ó wúwo ju dísù fúnra rẹ̀ lọ, torí ó ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bó ṣe ń jó. Bó bá jó lítà 10 ní wákàtí kan, fún wákàtí 6, kílò 162 nìyẹn. Ti aṣọ, ohun tó burú jù ni wíwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó wọ àpótí lọ.

Arẹwà_Alágbàká:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti jó fọ́nrán rẹ̀. Ó yọ́.

Télọ̀_Arákalẹ̀:
Bí kò bá léérú, pọliẹ́sítà pọ́ńbélé ni. Ẹ jẹ́ kó dín iná áyọ́ọ̀nù kù, kó kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù. Kó sì rán an ní méjì, kọ́sẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, síkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, kó fi íǹṣì kan sílẹ̀ lójú ìrán ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó lè fi búláòsì òwú wọ síkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ti àwọn onífìlà onírun, ẹ sáà gbé omi tútù sún mọ́ wọn.