Ìwé ìkéde ilé tuntun ládùúgbò: kí la lè béèrè nípa ààbò òpópónà?

Aráàdúgbò: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ọgbà ilẹ̀ kan ní òpópónà wa: ilé alájà mẹ́rin, ìdílé 40 ni yóò gbà. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún wa láti fèsì. Ìwé náà kò sọ ibi tí mọ́tò yóò máa gbà wọlé, àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ilẹ̀ náà kò sì rí lẹ́tà kankan gbà. Títì wa tóóró, àwọn ọmọ iléèwé ló sì kún ibẹ̀ láàárọ̀. Kí la máa kọ tí àwọn aláṣẹ ò fi ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Akọ̀wé-ẹgbẹ́: Orí ìwé ìkéde yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lónìí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ya òmíràn láti òdìkejì títì kó lè hàn bóyá ẹni tó ń kọjá lè kà á. Ẹ yẹ àdírẹ́sì, iye àjà àti ọjọ́ ìparí wò. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì, ẹ kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má dúró di ìpàdé, torí níbi púpọ̀, ẹni tó bá ti jókòó sípàdé, wọ́n á ní ó ti gbọ́ ìkéde nìyẹn.

Ẹ béèrè àkójọ àwọn ilé tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, ẹ fi wé máàpù. Ọwọ́ onílé ni lẹ́tà sábà máa ń bọ́ sí, ayálégbé kì í rí i. Ẹ tún gba àwòrán ilẹ̀ náà, àbọ̀ ìwádìí lórí ìrìnnà, àti ètò ọkọ̀ fún ìgbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé bá ń lọ. Ìkẹta yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìkọ́lé lè gbà ju ọdún kan lọ.

Òṣìwọ̀n: “Mọ́tò á pọ̀ jù” kò ní mú aláṣẹ ṣe nǹkan kan. Iye ni kí ẹ mú lọ. Ẹ wọn mítà 50 létí títì, ẹ fi ẹfun sàmì sí orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹnì kan máa fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ọkọ̀ tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 6 kọjá ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Èyí tó lo 3.6 ń sá 50. Ẹ fara pamọ́ díẹ̀, torí awakọ̀ tó bá rí yín á dín eré kù. Ẹ ka ọkọ̀ 100, ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó lọ́ra jù: eré ọkọ̀ tó bọ́ sí ipò 85 làwọn onímọ̀ ìrìnnà ń lò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ kà á, nígbà tí iléèwé ò sí nísinmi, kí ẹ sì ka àwọn ọmọdé sọ́tọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwádìí ìrìnnà ti àwọn tó fẹ́ kọ́lé wáyé dáadáa. Bí wọ́n bá kà á nígbà ìsinmi, iye tí wọ́n mú wá kò dúró.

Lórí àwòrán, ẹnu ọ̀nà mọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ọgbà gíga bá dé etí títì, imú mọ́tò á ti wà lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí awakọ̀ tó rí ọmọ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 50 nílò ohun tó lé ní mítà 25 kó tó dúró lórí títì gbígbẹ. Èyí tó ń sá 30 nílò bíi 13.

Alábòójútó-iṣẹ́: Ẹ fi kún un pé kí típà máa forí wọlé, kó sì forí jáde. Bí ó bá di dandan kó fẹ̀yìn rìn, kí ẹnì kan wà nílẹ̀ tí yóò máa darí rẹ̀. Kí ẹrù má dé lásìkò tí àwọn ọmọ ń lọ tàbí tí wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìhà kan náà, tó fẹ̀ tó mítà 1.5 kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà á, kí ìdènà tó le wà láàárín òun àti títì. “A máa bójú tó o” kò lágbára. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àṣẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é: kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, tàbí kí ẹnikẹ́ni tó kó wọlé.

Aráàdúgbò: Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣé ká béèrè fún bọ́m̀pù náà?

Òṣìwọ̀n: Ẹ kúkú béèrè pé kí wọ́n gbé ojú ibi ìsọdá sókè, kí mọ́tò lè rọra níbi tí ọmọ ti ń sọdá gan-an. Kí wọ́n sì fi hàn lórí àwòrán ibi tí omi òjò máa gbà, torí bí ojú ibi ìsọdá tí wọ́n gbé sókè bá dí gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ ibi ìsọdá ni omi yóò dúró sí, àwọn ọmọ á sì bọ́ sójú títì láti yẹra fún un.