Báwo ni mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Bàbá kan ló kọ́ èmi náà nígbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì, n kò sì fẹ́ràn wọn rárá. Tí èèyàn bá kọ ìdáhùn tó tọ̀nà láìfi bó ṣe ṣe é hàn, máàkì kan péré nínú mẹ́rin ni wọ́n ń fún un. Wọ́n á wá fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Ọ̀nà dà?" Ẹ bi mí pé 3x + 5 = 20, mo ní x jẹ́ 5, mo gbà á, ẹ tún ń bi mí léèrè ọ̀nà! Bí a ṣe sọ wọ́n ní Bàbá Ọ̀nàdà nìyẹn. Kí n má purọ́, èmi gan-an ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sín wọn jẹ ní gbàrà tí wọ́n bá ti jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fún kíláàsì mi ní 3x + 5 = 20 kan náà, ọmọ kan wá kọ 3x = 25. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí ibi tó ti ṣìnà: ó gbé 5 rékọjá àmì ìdọ́gba láì yí àròpọ̀ padà sí àyọkúrò. Ká ní ìdáhùn nìkan ló kọ ni, ǹ bá kàn fa ìlà pupa sí i, kí n kọjá lọ. Ìwé tó tẹ̀lé e, ìdáhùn nìkan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti kọ "Ọ̀nà dà?"

Mo gbé bíírò sílẹ̀. Ìwé 43 ló wà níwájú mi, ìbéèrè 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 215 lápapọ̀. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì-méjì ka ìkọ̀ọ̀kan, 430 ìṣẹ́jú nìyẹn, ó lé ní wákàtí 7. Kíláàsì kan ṣoṣo o! Mẹ́ta ni tiwọn nígbà náà. Ìgbà wo ni bàbá yẹn ń sùn?

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á rántí mi, torí mi ò mọ̀wé jù, mi ò sì ya olódo. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ńkọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ àbí kí n dákẹ́?

Tíṣà Àgbà
Ọmọ mi, mo ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó kọ "ẹ ṣeun, olùkọ́ rere ni yín" pọ̀, mi ò rántí ta ló kọ èwo. Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí òun ń sunkún, mo jókòó ti òun láì sọ nǹkan kan, mo kàn ń máàkì ìwé mi lọ. Ọjọ́ yẹn ti kúrò lórí mi pátápátá! Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kọ ọ̀rọ̀ 3x = 25 yẹn sí wọn bí o ṣe kọ ọ́ síbí gẹ́lẹ́. Má sì bi wọ́n pé "ṣé ẹ rántí mi?" Ìdánwò nìyẹn, àgbà ò sì fẹ́ gba òdo. Sọ ọdún tí o jáde, ibi tí o máa ń jókòó sí, àti ẹni tí ẹ jọ ń jókòó.

Bíírò Pupa
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé kò sì ní dáa kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé?

Ìyá Kíláàsì Kejì
Kó dúró ṣe kí ni? Láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ yẹn, èmi náà máa ń bá wọn ṣe é. Àmọ́ mo dúró de ìgbà tó bá rọgbọ kí n tó lọ kí tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé kíkà. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti lọ. Mo ka lẹ́tà tí mo kọ sí wọn fún un lórí ìdúró. Ó ní òun ò mọ̀ rí pé bàbá òun máa ń kọrin ní kíláàsì. Ẹ kọ ọ́ lónìí.

Ọ̀rẹ́ Ìwé
Kò sì gbọ́dọ̀ gùn. Nígbà tí Albert Camus, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957, ó kọ̀wé sí Louis Germain, tíṣà tó kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Algiers, ní Algeria. Ọmọ ọwọ́ ni Camus nígbà tí ogun pa bàbá rẹ̀. Tíṣà yìí ló fún un ní ẹ̀kọ́ àfikún kó lè yege wọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà náà kúrú, ó kàn sọ pé lẹ́yìn ìyá òun, tíṣà yìí ni ọkàn òun kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Germain náà kọ̀wé sí i lọ́dún 1959, tirẹ̀ ló wá gùn. Tíṣà ni kẹ̀.

Bíírò Pupa
Mo gbà. Àmọ́ èmi ò ní dárúkọ yẹn sétí wọn láyé. Ẹ fẹ́ kí ọkàn yín fúyẹ́, ẹ wá fẹ́ gbé ẹrù náà lé arúgbó lórí.

Tíṣà Àgbà
Ta ló sọ fún yín pé wọn ò mọ̀? Kò sí tíṣà tí kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Aago ni tèmi, torí mi ò kí ń pẹ́ dé. Jẹ́wọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìlà kan ti tó. Má wulẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ojú ìwé méjì ni tẹ́lẹ̀, mo gé e dé ọ̀kan, gbogbo ibi tí mo ti ń yin ara mi ni mo yọ. Mo da iṣẹ́ ọmọ yẹn kọ sínú rẹ̀ láìdárúkọ ọmọ. Nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé: "Èmi ni mo sọ yín ní Bàbá Ọ̀nàdà. Ọwọ́ tèmi náà ti ń kọ ọ́."

Tíṣà Àgbà, ọ̀rọ̀ yín já mi láyà o. Kí làwọn ọmọ wọ̀nyí ń pe èmi? Mo máa rọra dúró lẹ́yìn fèrèsé lọ́la.