Àbọ̀ ìbéèrè mi: ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì wa ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń rìn

Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín lórí ìbéèrè mi, pé kí ló dé tí ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ fi Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ọkọ̀ náà) ṣe máa ń kú, tí á sì tún tan ara rẹ̀, gbàrà tí mọ́tò bá fẹ́ yí. Òótọ́ ni ẹni tó ní kí n wo iná rẹ̀ sọ: bátìrì 9V kékeré kan ṣoṣo ni a fi ń bọ́ bọ́ọ̀dù àti mọ́tò méjèèjì, kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. A wá fún mọ́tò ní bátìrì AA 6 tirẹ̀, ṣùgbọ́n èmi olùkọ́ ni mo gbàgbé pé wáyà GND (ìyẹn wáyà òdì) ti bátìrì méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Odindi ọ̀sán kan ló bá a lọ kí a tó so wọ́n pọ̀. Lánàá, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì mi láìkú. Ẹ ṣeun, ìbéèrè náà ti parí.