Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé àpótí nọ́ọ̀kì, èyí tó ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì kí tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) má bàa fẹ́ jù, wọ mọ́tò tọ́bò àtijọ́, kí lojú yín rí?

Àlàájì Saab:
Kí n tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nọ́ọ̀kì táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́ọ̀kì ni mò ń sọ o. Tí wọ́n bá ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" n'Íbàdàn ńbí, kẹ́ ẹ tètè máa wá owó ẹ́ńjìnnì mìíì ni. Èyí tí mò ń wí ló máa ń ṣáájú ìyẹn. Ẹ gun òkè Mókọ́lá, ẹ tẹná, ẹ wá gbọ́ ṣákáṣákà bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀kùrọ́ sínú agolo mílíìkì. Iná pọ́ọ̀gì ò tíì dé kọ̀rọ̀ tí epo tó kù wà nínú sílíńdà, ooru ti mú un gbiná fúnra ẹ̀. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, top gásíkẹ́ẹ̀tì á lọ, pístìnnì á tẹ̀lé e.

Saab 900 Turbo 1981 ni tèmi, bàbá mi ló fi sílẹ̀, fáàfù mẹ́jọ, kò ní intercooler tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù, kò sì ní APC, ìyẹn àpótí nọ́ọ̀kì ti Saab, torí mọ́dẹ̀ẹ̀lì 1982 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹn sí i. Ojú kan ni wọ́n sẹ́tì wastegate ẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí tọ́bò má bàa fẹ́ jù, sí, epo ìbáà dáa, kó má dáa, bákan náà lá ṣe máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ epo wa, àgàgà tí kò bá sí nílé epo tẹ́ ẹ wá lọ ra ti inú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìwó Road, kẹrosíìnì tó wà ńbẹ̀ ẹ lè fi dáná ọbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ top gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹnìkan ní Gate ṣe pè mí nìyẹn pé 900 kan ti dé tí wọ́n fẹ́ já, 1983, fáàfù mẹ́jọ bíi tèmi, gbogbo APC ẹ̀ pé: àpótí, sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ nọ́ọ̀kì lára búlọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn atẹ́gùn, pẹ̀lú solenoid, fáàfù tí iná ń ṣí, tó lẹ́nu mẹ́ta tí wọ́n kọ C, W, R sí lára. C lọ sí ibi tí tọ́bò ti ń fẹ́ jáde, W lọ sí wastegate, R padà sẹ́nu tọ́bò. A to gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, ọjọ́ méjì gbáko.

A gbé e jáde láti Challenge, inú mi ń dùn. Bá a ṣe dé òkè, ṣákáṣákà! Abẹ́rẹ́ boost, tó ń fi agbára atẹ́gùn tí tọ́bò ń fẹ́ hàn, wọ pupa lọ ràì bíi tàtẹ̀yìnwá. Gbogbo wọn ní àpótí yẹn ti kú. Mo ra òmíràn, mi ò ní sọ iye tí mo rà á torí ìyàwó mi máa ń ka ibí. Kò yí padà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni bàbá ríwáyà kan wá wò ó, àgbàlagbà tí ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Àlàájì, ẹ yọ wáyà solenoid yẹn, kẹ́ ẹ wà á wò." Mo yọ ọ́, mo wà á. Abẹ́rẹ́ tún dé pupa! Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ yìí, ẹ ò fún un níṣẹ́ ṣe.

Àṣé APC ò lè sọ boost kalẹ̀ kọjá ibi tí wastegate fúnra ẹ̀ bá dá a dúró sí. Fífi kún un niṣẹ́ ẹ̀. Ó máa ń gba díẹ̀ kúrò nínú atẹ́gùn tó yẹ kó lọ ṣí wastegate, boost á wá gòkè, tó bá ti gbọ́ nọ́ọ̀kì ló máa jáwọ́, tí boost á padà sídìí. Ìdí boost tèmi ló ga jù, torí bí wọ́n ṣe sẹ́tì 1981 náà la fi í sílẹ̀! Bàbá tú ẹnu ọ̀pá wastegate, ó yí i kí ọ̀pá gùn sí i díẹ̀, a wà á, ó tún yí i, títí tó fi jẹ́ pé tí wáyà bá wà ní yíyọ, abẹ́rẹ́ kì í ju ìbẹ̀rẹ̀ àwọ̀ ọsàn lọ. A wá ki wáyà padà.

Ní Mókọ́lá lọ́jọ́ yẹn, epo inú kẹ́ẹ̀gì náà ló wà nínú ẹ̀, abẹ́rẹ́ gòkè, mo gbọ́ tá-tá lẹ́ẹ̀mejì péré, abẹ́rẹ́ sì rọra fà sẹ́yìn níṣojú mi. Mo pariwo nínú mọ́tò.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ kú oríire sà. Ti Passat 1.8T mi, sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì méjì ló ní látilé. Ọmọ iṣẹ́ kan pààrọ̀ ọ̀kan, ó fi wásà sábẹ́ ẹ̀ "kó lè dì dáadáa", ó tún fi páìpù gùn sẹ́yìn sípánà fà á. Mọ́tò wá rọ bí ẹ̀kọ, kọ̀ǹpútà ń fa táímìn, àsìkò tí pọ́ọ̀gì ń tanná, sẹ́yìn ṣáá. Agbára ìdì 20 Nm ni bóòtù yẹn fẹ́, irin sí irin, kí ìdọ̀tí tàbí wásà má sí láàárín wọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ò ní gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́.

Bọ̀dá Mólété:
Ẹ ń da ara yín láàmú. Ẹ fa táímìn sẹ́yìn díẹ̀, ó parí.

Àlàájì Saab:
Bọ̀dá mi, mo ti ṣe é. Gbogbo ọ̀nà ló ti ń rẹ mọ́tò, títí kan ibi tí kò ti ní nọ́ọ̀kì, sàlẹ́ńsà sì ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí iná ń jó pẹ́. APC ò fọwọ́ kan táímìn rárá, ibi tó bá ti gbọ́ ariwo nìkan ló ti ń dín boost.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Àpótí kejì yẹn ńkọ́ sà, ẹ máa tà á?

Àlàájì Saab:
Wá inbox. Má kọ iye síbí.