Àrànṣe èèwọ̀ ni kí a pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun fún eré ìdárayá, ọ̀gá wa láti Iléṣà dábàá pé kí a máa pe ohun tí eléré ìdárayá ń lò láti fi ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ lọ́nà àìtọ́ ní "oògùn olóró". Àǹtí tó kọ̀wé tẹ̀ lé wọn ní "èrú" ti tó. N kò fara mọ́ méjèèjì, mo sì mọ̀ pé ọmọ Òṣómàáló ò ní dìde lẹ́nu ọ̀nà mi bí n kò bá san gbèsè àlàyé.

Létí ará Ifẹ̀, oògùn olóró ni igbó àti kokéènì. Nígbà tí wọ́n fòfin de Blessing Okagbare, eléré sísá ọmọ Nàìjíríà, fún ọdún 10 ní 2022, ọkùnrin kan tó ń fárí lọ́wọ́ ní Lágere bi mí pé, "Ṣé igbó ni ọmọ yẹn ń mu ni?" Bẹ́ẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè àti EPO ni wọ́n bá lára rẹ̀. Kíndìnrín gbogbo wa ló ń ṣe EPO; òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí atẹ́gùn lè dé iṣan. Dókítà a máa gún aláìsàn kíndìnrín ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oró dà níbẹ̀? ("Oògùn amárale" tí ẹlòmíràn dárúkọ, ọjà tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn.)

Èrú ńkọ́? Ẹ wo àwọn òmùwẹ̀ tó gbé aṣọ ìwẹ̀ polyurethane (irú ike kan) wọ̀ lọ sí ìdíje àgbáyé ní Róòmù ní 2009. Àkọsílẹ̀ ayé 43 ni wọ́n fọ́ níbẹ̀, òfin sì gbà wọ́n láàyè. Ní oṣù kìíní 2010, aṣọ kan náà di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ dé ibi ìdíje. Ta ló ṣe èrú nínú wọn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàtà tí àwọn sárésáré ń wọ̀: fóòmù tó nípọn, kábọ̀n líle láàárín rẹ̀. Lọ́dún 2020, World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, ní àtẹ́lẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mílímítà 40 lọ, kábọ̀n rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan.

Ìdí tí mo fi mú "àrànṣe èèwọ̀" wá nìyẹn. Àrànṣe gba abẹ́rẹ́, ó gba bàtà, ó gba aṣọ. Èèwọ̀ sì jẹ́ kó yéni pé àwọn tó ni ìdíje ló kà á léèwọ̀, bí ìdílé kan ṣe ń jẹ òkété tí ìdílé kejì ò ní fẹnu kàn án.

Kí "àrànṣe" nìkan wá dúró fún èyí tí òfin gbà. Ẹni tó lọ ń gbé lórí òkè ní Iten ní Kẹ́ńyà, níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń pọ̀ bíi ti ẹni tó gba EPO, kò sì sẹ́ni tó máa pè é lẹ́jọ́. Àwọn olówó tiẹ̀ ń sùn sínú àgọ́ tí wọ́n ti dín atẹ́gùn rẹ̀ kù, kí wọ́n lè rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nínú yàrá wọn. Ká sòótọ́, ìyẹn ń bí mi nínú ju abẹ́rẹ́ lọ, nítorí ọmọ tó ń fi kánfáàsì pẹlẹbẹ sáré ní pápá OAU ò ní àgọ́, kò ní bàtà kábọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń ṣẹ̀dá kọ́ ló máa yanjú ìyẹn.

Ẹyọ kan ṣì kù tí ń kò rí bá ti ṣe: ìwé tí wọ́n ń fún eléré tó ń ṣàìsàn kó lè lo oògùn tó jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn yòókù. "Ìyọ̀ǹda aláìsàn" ni mo kọ sílẹ̀, àmọ́ ó ń dún bí ìwé tí èèyàn fi ń gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló ní èyí tó sàn?