Màámi ò fẹ́ padà sí ọsibítù mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Màámi ń ta àdìrẹ n'Ítọ̀kú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún wọn ní ọsibítù kan níbí l'Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ egbò, dókítà kó àwọn stúdẹ́ǹtì bíi méje wọlé, wọ́n kàn ká ìró kúrò láyà wọn, wọn ò fa kọ́tìnnì, wọn ò tọrọ àyè, "bẹ́ẹ̀dì kẹrin" ni wọ́n ń pe ìyá tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún! Látìgbà yẹn Màámi ní àwọn ò lọ mọ́, egbò ò sì tíì jinná.

Mo bá nọ́ọ̀sì àgbà sọ̀rọ̀, ó ní ibo làwọn ọmọ á ti kọ́ṣẹ́ (òótọ́ ni o, àmọ́ ṣé ẹnu á bó tí wọ́n bá bèèrè ni?). Òfin ìlera 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn lédè tó gbọ́, ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn ti 2018 náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Owó àti lọ síbòmíì ò sí.

Ta ni kí n lọ bá níbẹ̀ tí wọn ò fi ní máa fojú burúkú wo Màámi tá a bá padà? Ẹ ṣé gan-an ni o.