Kẹ́míkà tó ń yòrò sómi, kí ló dé tí ilẹ̀ pupa fi gbé e mì?

Ọmọ Ilẹ̀ Pupa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Orí mi ti dàrú, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ àṣekágbá máàsítà mi dá lórí apakoríko glyphosate, bóyá ó lè ti oko àgbàdo rìn dé kànga. Wọ́n kọ́ wa pé ká wo log Kow, iye tó ń sọ bí kẹ́míkà ṣe fẹ́ràn òróró ju omi lọ. Ìṣirò tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Karickhoff gbé jáde lọ́dún 1979 ní ká yọ 0.21 kúrò nínú rẹ̀, èyí tó kù ni log Koc, bí ilẹ̀ á ṣe dì í mú tó. Ti glyphosate jẹ́ nǹkan bíi -3.2. Mo ṣírò ẹ̀, ó já sí -3.4. Ilẹ̀ ò ní rí i dì mú rárá nìyẹn. Ó sì kúkú ń yòrò, ó lé ní gíráàmù 10 nínú lítà omi kan.

Mo bu ilẹ̀ pupa gíráàmù 5 lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn, mo da mílílítà omi 25 lé e, mo fi kẹ́míkà sí i, ẹ̀rọ mì í mọ́jú. Nígbà tí mo yẹ omi orí rẹ̀ wò, kẹ́míkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀! Ọ̀gá mi ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyí. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Láàbù:
Àbúrò, o ò ṣì í. Fọ́múlà lo gbé lọ síbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Àwọn kẹ́míkà olóròóró tí ò ní cháàjì ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ń sá fómi lọ bá ewé tó ti jẹrà nínú ilẹ̀. Glyphosate ò wá ewé lọ. Apá kan lára ẹ̀ jọ phosphate inú ajílẹ̀, irin tó dógùn-ún tó mú ilẹ̀ wa pọ́n yẹn ló ń so mọ́, àti aluminium tó wà níbẹ̀. Pín ilẹ̀ rẹ sí méjì, fi súpà fọ́sífeètì sí ọ̀kan kí glyphosate tó dé. Wàá rí i pé àyè ti kún, púpọ̀ sí i á ṣẹ́ kù sínú omi.

Àmọ́ ìgò wo lo lò? Ó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Lo ike, kí o sì ṣe ọ̀kan tí ò ní ilẹ̀ nínú, kí ọ̀gá rẹ má bàa rí ọ mú.

Àgbẹ̀ Alágbàdo:
Èmi ò mọ Kow, mi ò mọ Koc. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí lórí apakoríko paraquat, kí NAFDAC tó fòfin dè é ní 2024. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, odò ẹ̀yìn oko ti gbẹ ku ẹrẹ̀. Mo fi korobá bu omi ọ̀hún, ó rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Mo da oògùn sí i, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo fín in. Lọ́jọ́ kẹta, koríko ń wò mí! Mo lọ bá ẹni tó tà á jà pé ayédèrú ni. Ó ní kí n lọ ka ara ìgò: omi tó mọ́ ni kí n lò.

Ìyá Láàbù:
Bàbá, ẹrẹ̀ ti mu oògùn yín tán kí ẹ tó fín in. Ti paraquat kì í ṣe irin, amọ̀ ni. Cháàjì pọ́sítíìfù méjì ló gbé sára, négátíìfù sì wà lára amọ̀, wọ́n á gbá ara wọn mú bíi mágnẹ́ẹ̀tì. Òun náà ń yòrò sómi dáadáa o. Àbúrò, wá wo atrazine, apakoríko mìíràn: mílígíráàmù 33 péré ló ń yòrò nínú lítà kan, síbẹ̀ òun ló máa ń dé kànga. Tó bá jẹ́ yíyòrò nìkan lo wò, aláìṣẹ̀ ni wàá tì mọ́lé.

Ọmọ Ilẹ̀ Pupa:
Háà, gíláàsì ni mo lò o! Mo ń lọ wá ike. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá bu díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ odò yẹn?

Àgbẹ̀ Alágbàdo:
Máa bọ̀. Wọ bàtà òjò.